Ìdí tí mo fi ní kó o bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ id Software

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní poli lo ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, o fẹ́ máa ṣe géèmù, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB lo ní, ẹnì kan wá ní kó o lọ ka ìtàn id Software. O ń béèrè pé kí ni ilé iṣẹ́ tí gbogbo géèmù wọn jẹ́ ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ fẹ́ kọ́ ẹ.

Ó tọ́ kó o béèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya máàpù, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣeré nínú géèmù, fún Doom, géèmù ìbọn tí id ṣe, ní Ìbàdàn níbí, lórí ẹ̀rọ tí kò sàn ju tìẹ lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú, tí NEPA bá ti múná lọ báyìí, ohun tí mi ò bá tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ id ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀ mí rí. Ohun méjì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: wọ́n máa ń parí iṣẹ́ kékeré kí wọ́n tó fọwọ́ kan ńlá, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé.

Ìlú Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti pàdé. John Carmack, John Romero, Tom Hall àti Adrian Carmack (orúkọ ló pa àwọn Carmack méjèèjì pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí) jọ ń ṣiṣẹ́ ní Softdisk, ilé iṣẹ́ tó máa ń fi díìsìkì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́dún 1990, John Carmack rí ọgbọ́n kan dá sí àwòrán PC. Ní ayé ìgbà yẹn, tí èèyàn inú géèmù bá ń rìn lọ lórí PC, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e geere bó ṣe máa ń rí lórí ẹ̀rọ Nintendo, torí ó máa ń pẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó kun gbogbo ojú ẹ̀rọ tán. Carmack ní kó má kun gbogbo rẹ̀ mọ́, ibi tó bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ nìkan ni kó tún kùn. Òun àti Hall fi ọgbọ́n yìí ṣe ìpele àkọ́kọ́ Super Mario Bros. 3, géèmù Nintendo, sórí PC lóru ọjọ́ kan. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àpẹẹrẹ tó kún ju ìyẹn lọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Nintendo. Nintendo ò gbà á.

Wọ́n wá fi ọgbọ́n kan náà ṣe Commander Keen, tó jáde ní December 14, 1990 láti ọwọ́ Apogee, ilé iṣẹ́ Scott Miller. Ọ̀fẹ́ ni apá àkọ́kọ́, kí èèyàn dà á kọ, kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ á sanwó fún ìyókù. Sọ̀wédowó àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ dọ́là 10,500. Ní February 1, 1991, wọ́n dá id Software sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà nìyí. Kọ̀ǹpútà Softdisk ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi ṣe Keen, nítorí náà wọn ò lè lọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe ni pé wọ́n á ṣì máa ṣe géèmù fún Softdisk, ọ̀kan ní oṣù méjì méjì. Ẹlòmíràn á pe ìyẹn ní ìyà. Èmi gbà pé òun ló sọ wọ́n di ọ̀gá. Ní ọdún 1991 yẹn, wọ́n ṣe Hovertank 3D: èèyàn ń rìn láàárín ògiri ní 3D, àmọ́ àwọ̀ lásán ló wà lára ògiri náà. Kí ọdún tó parí, wọ́n ṣe Catacomb 3-D: àwòrán ti wà lára ògiri, ọwọ́ ẹni tó ń ṣeré sì ti yọ síwájú. Ní May 1992, Wolfenstein 3D jáde, gbogbo ayé sì gbọ́. Tó o bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn, wàá rí i pé ohun kan tàbí méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lé èyí tó ṣáájú.

Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe géèmù ńlá. Ìtàn Ògún àti Ṣàngó, ìlú mẹ́rìndínlógún, ogun lórí ẹṣin. Ìwé ètò wa nípọn, a ṣèpàdé, a pín oyè, ẹnì kan ò sì tíì ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ń ṣí tó ń tì. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹgbẹ́ náà tú ká kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan kan yọrí. Nígbà tí mo wá kà nípa Doom Bible, ìwé ètò tí Tom Hall kọ fún Doom, ó yé mi dáadáa. Ìwé yẹn dára, ìfẹ́ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àánú Hall sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n Carmack gbà pé Doom ò nílò ìtàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà tì. Hall kúrò ní 1993, Sandy Petersen wọlé nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí Doom jáde, òun àti Romero sì wà lára àwọn tó ya máàpù náà tán.

December 10, 1993 ni Doom jáde. Ìlú Mesquite ní Texas ni wọ́n wà nígbà yẹn. Ẹ̀rọ Yunifásítì Wisconsin ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, àwọn tó ń dúró dè é sì ti kún orí ẹ̀rọ náà débi pé àwọn tó ni géèmù gan-an ò ráàyè wọlé láti gbé e síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìpele mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, fáìlì rẹ̀ ò sì tó 5MB títí dòní. RAM 4MB ló béèrè nígbà yẹn. Ti láptọ́ọ̀pù rẹ fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ju ìyẹn lọ, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀rọ rẹ ò lè ṣe é.

Ohun tó mú mi dúró sídìí Doom ni pé wọ́n ya ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú géèmù ṣiṣẹ́, sọ́tọ̀ kúrò lára máàpù, àwòrán àti ohùn rẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní WAD. Ẹni tó bá ti lè ṣe WAD tirẹ̀ ti lè ṣe Doom tirẹ̀ láì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ní 1996, àwọn tó ń ya máàpù lásán fún ìfẹ́ ló ṣe èyí tó di Final Doom: id ra iṣẹ́ wọn, wọ́n sì tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ní December 1997, wọ́n tú kóòdù Doom sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àyàfi apá ohùn tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n tú ti Quake, géèmù wọn mìíràn, sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì tú ti Quake III sílẹ̀ ní 2005. Fi ìyẹn wé ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé lọ́yà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rán sí ẹ.

Jẹ́ kí n mú ẹ wọ inú máàpù kan. Ìlà lo máa fi ya yàrá lórí Doom, bí ẹni ń ya pílánì ilé láti òkè. Ìwọ lo máa sọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó, ibi tí àjà rẹ̀ dé, àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Ilé alájà kò ṣeé ṣe nínú rẹ̀: yàrá kan ò lè wà lórí òmíràn. Tó o bá gbàgbé láti fi àwòrán bo ògiri kan, tó o wá ṣí i nínú Chocolate Doom, ẹ̀dà Doom kan tó ń hùwà bí ti 1993, wàá rí i pé àwòrán ibẹ̀ á máa fà tẹ̀ lé ẹ, bí ọ̀dà tútù tí ẹnì kan fọwọ́ nù. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì náà kì í nu ojú ẹ̀rọ kó tó kun òmíràn. Ó gbà pé gbogbo ibẹ̀ ló máa kùn pátá, kí ló dé tó fi máa fi agbára ṣòfò láti nù ún? Ẹni tó ní kí Keen má kun ohun tí kò yí padà náà ló ronú èyí.

Nígbà tí mo ya ọjà kan tó fara jọ Bódìjà, mo fi ìsọ̀ tó pọ̀ sí i, ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà, géèmù náà sì kú, ó kọ “no more visplanes” sílẹ̀ fún mi. Mo wá ohun tó fà á nínú kóòdù wọn títí mo fi rí i: irú ilẹ̀ àti àjà tó yàtọ̀ síra tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà ò gbọ́dọ̀ ju 128 lọ. Ni mo bá gbé ògiri kan dábùú ẹnu ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé èèyàn á yà kó tó rí ọjà, ó sì ṣiṣẹ́. Ọjà náà tún wá dùn ún wọ̀, torí o ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, mi ò lè wo kọ̀rọ̀ nínú máàpù Romero bí ọ̀ṣọ́ lásán mọ́.

Quake jáde ní June 1996, 3D gidi, yàrá lórí yàrá. Ó rẹ gbogbo wọn, Romero sì kúrò láàárín oṣù díẹ̀. Orí ẹ́ńjìnì Quake ni ilé iṣẹ́ Valve ti ṣe géèmù Half-Life ní 1998, orí ti Quake III sì ni Call of Duty àkọ́kọ́ dúró lé ní 2003. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Doom 3 jáde ní 2004, Rage tí wọ́n kéde ní 2007 ò jáde títí di 2011. Ilé iṣẹ́ ZeniMax ti rà wọ́n ní 2009, Carmack kúrò ní 2013, ZeniMax fúnra rẹ̀ sì di ti Microsoft ní 2021. Doom ti 2016 dára gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ ò ní gbé e, kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹ bíi ti àtijọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kó o ṣe nìyí. Wa Freedoom jáde, WAD tó rọ́pò ti Doom, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán àti ohùn inú rẹ̀ kì í ṣe ti id, o lè fi ṣe tìrẹ láì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Fi SLADE ya máàpù. Ya yàrá kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn kan, iwin kan. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ṣí fáìlì p_enemy.c nínú kóòdù Doom, kó o wo bí iwin yẹn ṣe ń wá ẹ: apá mẹ́jọ péré ló lè kọjú sí, á gbìyànjú láti gba ọ̀nà tó sún mọ́ ẹ jù, tí ògiri bá dí i, á yà. Ó kúrú, wàá lóye rẹ̀, á sì yà ẹ́ lẹ́nu pé ohun kékeré báyìí ló ń dẹ́rù ba èèyàn nínú òkùnkùn.

Má tíì ya yàrá kejì o. Fi WAD ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ síbí, bó ti wù kó rí. Tí iná bá ti dé, màá ṣí i, màá sì sọ ohun tí mo bá rí fún ẹ.