Ọlọ́pàá gbé màmá wa nítorí owó tí àbúrò mi jẹ. Ṣé òfin gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ọ̀fà la wà. Àbúrò mi ọkùnrin gba owó lọ́wọ́ alhaji kan n'Ílọrin pé òun máa bá a ra kajú, títí di òní kajú ò dé, owó ò padà. Lánàá àwọn ọlọ́pàá wá sílé, wọn ò bá a, ni wọ́n bá gbé màmá wa tó ń ta èlùbọ́ lọ, wọ́n ní ìgbà tọ́mọ wọn bá yọjú làwọn máa tú wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ní ká lọ wá owó béèlì wá. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? Tí àbúrò mi bá sì wá yọjú, kí ló yẹ kó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà o, Ọlọ́run á kó màmá yọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tiwọn, torí àwọn ló wà látìmọ́lé báyìí. Òfin ò gbà á rárá. Police Act 2020, ìyẹn òfin tó de àwọn ọlọ́pàá, abala 36, ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò afurasí, ì báà jẹ́ ìyá, ìyàwó, àbúrò tàbí ẹnikẹ́ni. Torí náà ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ mú lọ́yà dání tẹ́ ẹ bá rí, DPO, ọ̀gá tésàn, ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe IPO, ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà, tó gbé wọn, kẹ́ ẹ rọra bi í pé ẹ̀sùn wo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ màmá nínú ìwé orí káńtà. Ẹ má pariwo, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí ya fídíò níbẹ̀ o, ìyẹn máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá tán kíákíá di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Ti owó béèlì, ẹ wo ara ògiri tẹ́ ẹ bá débẹ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Onídùúró ni béèlì ń fẹ́, kì í ṣe owó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìwé àdéhùn tí wọ́n máa ń gbé síwájú ìyá arúgbó ní tésàn, pé kó fọwọ́ sí i pé òun máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀melòó làwọn adájọ́ ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ síwèé, gbèsè tí kì í ṣe tiyín lè di tiyín lọ́la.

Ó wá ku àbúrò yín. Mi ò ní tàn yín, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò mọ́ tó ti màmá. Òótọ́ ni pé abala 32 nínú Police Act yẹn sọ pé wọn ò lè mú èèyàn kìkì torí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé ó yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n Kwara la wà, Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí Àríwá ti ń lò láti 1960, la sì ń lò, kì í ṣe Criminal Code tí àwọn ará Ọ̀ṣun ń lò níwájú yín níbẹ̀ yẹn. Nínú Penal Code, tó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa fún alhaji látìbẹ̀rẹ̀ kó tó gbowó, jìbìtì ni. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n fi owó sí i níkàáwọ́ pé kajú ni kó fi rà, tó wá fi ra ọ̀kadà tàbí fi ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn náà, ó sì lè gbé èèyàn dẹ́wọ̀n. Àmọ́ tó bá ra kajú náà lóòótọ́ tí ọjà bà jẹ́ tàbí tí iye rẹ̀ wálẹ̀, gbèsè lásán ni, kóòtù ni kí alhaji gbà lọ, kì í ṣe tésàn.

Kó má sá o. Kó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lọ́yà. Kọnsitúṣọ̀n 1999, abala 35, fún un láyè kó panu mọ́ títí á fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un fún un láàárín wákàtí 24 ní èdè tó gbọ́. Tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà síbi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀, Ọ̀fà sì ní kóòtù tiẹ̀. Tí kò bá sí, ó di ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà ọjọ́ yìí ò kan ẹ̀sùn tó la ikú lọ.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni ìwé tí wọ́n ń pè ní státímẹ́ǹtì, níbi tí ẹni tí wọ́n mú ti ń sọ tẹnu ẹ̀. Wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ kan sókè ìwé yẹn, pé kò pọn dandan kó sọ nǹkan kan, àti pé ohun tó bá sọ lè padà bá a ní kóòtù. Ohun tó ń fọwọ́ sí lókè yẹn ni pé wọ́n ti kìlọ̀ fóun, kì í ṣe pé òun jẹ̀bi. Tí Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n tó wá túmọ̀ ẹ̀, torí tí ọlọ́pàá bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ láìjẹ́ kó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló máa di ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Kí wọ́n kà á fún un, kó fi ìlà fa gbogbo àyè tó ṣófo láàárín ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn àti ibi tó máa fọwọ́ sí, kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní ó ń fàkókò ṣòfò, kó máa fi ṣòfò lọ jàre.

Ẹ lè ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Supreme Court sọ ní 2023 pé tí kò bá sí fídíò tàbí lọ́yà níbi tí èèyàn ti jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ náà ò wúlò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin ìgbẹ́jọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n túmọ̀ nínú ẹjọ́ yẹn. Kwara ní tiẹ̀, lọ́yà yín ló máa kà á wò kó tó gbé e síwájú adájọ́.

Tí kò bá sówó lọ́yà, Legal Aid Council, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ́fíìsì n'Ílọrin, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó nǹkan ni wọ́n wà fún. Tí ọlọ́pàá ò bá tú màmá sílẹ̀ lónìí, ẹ sọ fún àwọn Legal Aid yìí, High Court lè pàṣẹ kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, kó sì ní kí wọ́n sanwó gbà-má-bínú, Kọnsitúṣọ̀n náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kí àbúrò yín tó yọjú, kó kó gbogbo ìwé báńkì owó tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta kajú jọ, àti ọ̀rọ̀ tóun àti alhaji jọ sọ lórí WhatsApp látọjọ́ àkọ́kọ́. Kó má pa ìkankan rẹ́, àtèyí tó gbè é àtèyí tí ò gbè é, gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà lórí fóònù alhaji.