Ife omi ìrèké mélòó ni alátọ̀gbẹ lè mu lójúmọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ fún omi ìrèké nítòsí Olaiya níbí l'Óṣogbo. Ó ní ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe alátọ̀gbẹ ní nǹkan kan torí pé àdáyébá ni, pé gbogbo ayé ló ń mu ún, ó sì ń wo ibà pọ́njú. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ife mélòó ni kí wọ́n máa mu?

Ìdáhùn: Ẹnìkẹrin rèé tó máa bi mí lóṣù yìí. Ta ló ní kí wọ́n mu ún rárá ná?

Òótọ́ ni pé ayé ń mu ún. Ní Íńdíà, wọ́n á fi ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ní Íjíbítì, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta òun nìkan wà. Ní 2019, ìjọba Pakistan ní òun ni ohun mímu orílẹ̀-èdè wọn. Òùngbẹ ni wọ́n fi ń pa o, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Íńdíà tí mo dárúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù alátọ̀gbẹ ló wà níbẹ̀.

"Àdáyébá" yìí ló ń bí mi nínú. Níbo lẹ rò pé ṣúgà inú páálí ti wá? Ìrèké yìí náà ni. Wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n sè é títí ó fi di hóró. Irú ṣúgà kan náà tí wọ́n ń pè ní sucrose ni àwọn méjèèjì. Ara á pín in sí méjì, ìdajì rẹ̀ á di glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gún màmá lọ́wọ́ ń kà. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní bi í pé ṣé oko lo ti wá ni àbí ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ife omi ìrèké kan, mílílítà 250, sábà máa ń ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 30, bíi ṣíbí tíì mẹ́jọ. Ìgò 50cl jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Mínírà gan-an kò jù bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní 2015 pé ó dára kí irú ṣúgà yìí má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, fún ẹni tára rẹ̀ le o.

Ẹ máa sọ pé ṣebí láti kékeré la ti ń jẹ ìrèké. Ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni, ẹ ò mu ún. Ẹ fi eyín bó èèpo, ẹ ṣẹ́ oríkèé, ẹ rún un, ẹ fà á, ẹ tu pàǹtí rẹ̀ dànù. Kí ẹ tó jẹ ìdajì ọ̀pá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ro yín. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ti ibà pọ́njú: ojú tó pọ́n, àmì ni. Ó lè jẹ́ hepatitis, ìyẹn àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú, ó lè jẹ́ òkúta ló dí ọ̀nà òróòro. Omi dídùn á fún aláìsàn lókun díẹ̀, kì í wo ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ṣe.

Mo dúró wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan ní Ìgbọ̀nà. Eṣinṣin ń ṣèpàdé lórí pàǹtí, báfù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣan gbogbo ife, omi inú rẹ̀ ti dà bí omi ògì. Táífọ́ọ̀dù kò jìnnà síbẹ̀.

Ìgbà kan wà tó lè wúlò: bí ṣúgà màmá bá já wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn. Bí ojú wọn bá dá, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ìdajì ife tó. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọ́n bá ti dákú, ẹ má ki nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Èmi ò rí màmá o, mi ò sì mọ oògùn tí wọ́n ń lò. Dókítà wọn ló máa sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi oògùn sílẹ̀ torí ọkùnrin Olaiya. Ó dà bíi pé wọ́n ti mu ún láàárọ̀ yìí pàápàá, àbí? Ẹ wọn ṣúgà wọn báyìí.