Màmá Ní Blue Badge, Síbẹ̀ Wọ́n Ní Ká San £100 ní Ibi Ìgbọ́kọ̀sí Súpámákẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n, oríkèé orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì ní Blue Badge, káàdì ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ń fún abirùn. Ní Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2025, a lọ ra ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan níbí ní London. Wákàtí 2 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 41 la lò, torí màmá ò lè yára rìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì jókòó sinmi. Àyè àwọn abirùn la páàkì sí, báàjì sì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. A ò rí ìwé kankan lára gíláàsì ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé ní orúkọ mi, torí orúkọ mi ló wà lórí ìwé ọkọ̀: £100, tàbí £60 bí mo bá san án láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bùrọ̀dá mi ní kí n jù ú nù. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n sáré san án kí wọ́n má baà ba orúkọ mi jẹ́. Èmi ti ń kọ lẹ́tà pé èmi ni mo wa ọkọ̀, pé kí wọ́n ṣàánú wa nítorí báàjì. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ọmọ Màmá, Thamesmead

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ tó máa pa yín lára: ẹ fẹ́ sọ ẹni tó wa ọkọ̀, ẹ sì fẹ́ fi báàjì bẹ̀bẹ̀. Àwíjàre tó lágbára wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ kì í ṣe báàjì ni.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó dé yìí. Kì í ṣe kánsù ló kọ ọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe owó ìtanràn. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló ń sọ pé ẹ gbà láti tẹ̀ lé ohun tó wà lára pátákó wọn, pé ẹ ò tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ jẹ wọ́n lówó. PCN (Penalty Charge Notice) ni ti kánsù ń jẹ́, PCN (Parking Charge Notice) náà ni tiwọn, mi ò sì gbà pé wọ́n ṣèèṣì mú orúkọ tó jọra. Wọ́n san £2.50 fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn fún wọn ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín.

Ohun tí bùrọ̀dá yín sọ ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Kó tó di oṣù Kẹwàá 2012, wọn ò lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ bí wọn ò bá mọ ẹni tó wà á. Protection of Freedoms Act 2012 ló yí i padà. Nígbà tó sì di 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí kan, ParkingEye, láre lórí £85 kan ní Chelmsford. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń ju lẹ́tà wọn nù ń fi orí ara rẹ̀ ṣeré ni. Ní ti ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, lẹ́tà lásán ò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìdájọ́ kọ́ọ̀tù téèyàn ò san ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jìn.

Ó wá ku báàjì. Òfin ọdún 1970 ló dá a sílẹ̀, ojú pópó ìjọba ló sì wà fún. Wákàtí 3 tí wọ́n ń fún abirùn lórí ìlà yẹ́lò ní England ò kan ilẹ̀ aládàáni rárá. Bí ẹ bá kọ̀wé pé “a ní báàjì”, èsì tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín: báàjì ò yọ yín kúrò nínú òfin ibi ìgbọ́kọ̀sí wa. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Òfin tó bá wọn wí ni Equality Act 2010. Abala 29 kan gbogbo ẹni tó bá ń ta ọjà tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ fún aráàlú: súpámákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí náà wà níbẹ̀. Abala 20 ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu níbikíbi tí ètò wọn bá ti ni abirùn lára ju ẹlòmíì lọ. Wákàtí 2 kan náà fún ọmọ ogún ọdún tó ń sáré wọlé sáré jáde, àti fún ìyá tó ń fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn? Irú ètò bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú abala yìí ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí abirùn bá wá bẹ̀ wọ́n. Kí ẹ tó débẹ̀ ló ti yẹ kí wọ́n ronú pé irú màmá yín máa wá, kí wọ́n sì ti ṣètò àfikún àkókò, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà tàbí tábìlì tí wọ́n ti lè tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sínú ìwé.

Abala 15 tún wà: wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ èèyàn nítorí ohun tí àìlera rẹ̀ fà. Ìṣẹ́jú 41 yẹn, ẹsẹ̀ màmá ló fà á. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n lè sá gbà ni kí wọ́n sọ pé àwọn ò mọ̀ pé aláìlera ni. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àkọ́kọ́ yín fi ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbà á, wọ́n ti mọ̀; bí wọ́n bá tún ń lépa yín lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ara wọn ni wọ́n ń fà lé ọ̀bẹ. Ẹ tún fi sọ́kàn pé òfin yìí ò béèrè báàjì. Ẹ̀rí ni báàjì wulẹ̀ jẹ́ pé màmá kò lè rìn dáadáa. Ẹni tí kò ní in rárá lè lo òfin yìí.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí mo rí nǹkan kan nínú déètì tí ẹ kọ. Níbi tí kò bá ti sí ìwé lára gíláàsì, tó jẹ́ kámẹ́rà ló ka nọ́ńbà ọkọ̀, òfin 2012 ní kí lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni tó ni ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí ẹ páàkì. Ọjọ́ 6 lẹ lọ, ọjọ́ 7 ni kíkà bẹ̀rẹ̀, ó pé ní Sátidé ọjọ́ 20. Òfin kan náà ní ká kà á sí pé lẹ́tà dé ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n fi í sí póòsì. Bó bá jẹ́ Tọ́sìdeè ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ránṣẹ́, Fúráìdeè jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kìíní, Mọ́ńdè ọjọ́ 22 sì jẹ́ ìkejì. Ó ti kọjá. Níwọ̀n ìgbà tó ti pẹ́ dé, wọn ò lè gbé gbèsè náà lé ẹni tó ni ìwé ọkọ̀ lórí mọ́. Ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lè mú, wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ dá lẹ́tà yẹn dúró? Gbólóhùn “èmi ni mo wa ọkọ̀” ni ẹ fẹ́ fi ta àǹfààní yẹn nù lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ò ní kí ẹ sọ fún wọn. Mi ò ní kí ẹ purọ́ o: ẹ kàn kọ “awakọ̀” níbi gbogbo, kí ẹ má kọ “mo” tàbí “a”. Ẹ tọ́jú àpò lẹ́tà náà pẹ̀lú.

Kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn, ẹ padà lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú rìsíìtì ọjọ́ náà, kí ẹ béèrè máníjà. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, àkọsílẹ̀ báńkì tó. Súpámákẹ́ẹ̀tì tàbí ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ló gba àwọn onígbọ́kọ̀sí wọ̀nyí síṣẹ́, òun sì lè ní kí wọ́n fagi lé e. Lójú tèmi, ọ̀nà tó yá jù nìyí, àwọn èèyàn wa kì í sì í fẹ́ gbà á torí wọ́n rò pé bíi kí wọ́n lọ tọrọ ni. Bí máníjà bá ní kò kan òun, ẹ kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ wọn, kí ẹ dárúkọ Equality Act.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àtakò yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ náà kí ọjọ́ 14 tó pé, kí ọ̀rọ̀ £60 má baà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ bó bá burú. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ kókó rẹ̀ rèé:

“Orúkọ mi ló wà lórí ìwé ọkọ̀ yìí. Ẹnì kan tó jẹ́ aláìlera lábẹ́ Equality Act 2010 wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àrùn oríkèé orúnkún rẹ̀ ló fa gbogbo àkókò tí ẹ ń torí rẹ̀ béèrè owó. Wákàtí 2 tí ẹ fún gbogbo èèyàn bákan náà ń ni irú rẹ̀ lára, ẹ ò sì ṣe àtúnṣe tí abala 20 ní kí ẹ ṣe. Láti òní, ẹ ti mọ̀. Bákan náà, lẹ́tà yín ò dé láàárín àkókò tí òfin 2012 là kalẹ̀, mi ò sì jẹ yín lówó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìwé ọkọ̀.”

Ẹ wá to ìṣẹ́jú náà kalẹ̀. Ẹ má kọ “ó pẹ́ díẹ̀”. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi yí ká kí àyè abirùn tó ṣófo, torí kámẹ́rà ń ka àkókò láti ẹnu géètì, kì í ṣe láti ìgbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ kọ ìgbà tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde nínú búùtù, tí màmá fi ń gbé ẹsẹ̀ kan jáde ṣáájú èkejì, ìsinmi àkọ́kọ́, ìsinmi kejì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kóòdù tí àwọn ẹgbẹ́ onígbọ́kọ̀sí ń lò láti oṣù Kẹwàá 2024 pàápàá ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 jì èèyàn, nítorí náà 31 ló kù fún yín láti ṣàlàyé. Ẹ so ẹ̀dà báàjì mọ́ ọn, kí ẹ fi nǹkan bo fọ́tò màmá. Bí màmá bá ń gba Attendance Allowance tàbí PIP, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún aláìlera, ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́tà yẹn náà dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé báàjì màmá lọ ra iṣu nígbà tí màmá wà lórí ibùsùn nílé, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000.

Bí ilé iṣẹ́ náà bá ní àwọn ò gba àtakò yín, wọ́n gbọ́dọ̀ fi POPLA tàbí IAS, àwọn tó ń dájọ́ láàárín ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí àti ọlọ́kọ̀, hàn yín, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ṣe rí. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn wọ̀nyí kì í fi àánú dájọ́, torí náà ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 ni kí ẹ gbé síwájú níbẹ̀, kí ti Equality Act tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá jàre, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹ bá jẹ̀bi, kò de ẹ̀yin.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà àwọn agbowó gbèsè lè máa wọlé, pẹ̀lú £70 lórí owó àkọ́kọ́ àti lẹ́tà pupa gàdàgbà. Wọn kì í ṣe bélífì, wọn ò lè wọ ilé yín, wọn ò lè gbé tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni. Ìwé méjì péré ni kí ẹ tètè dáhùn: èyí tí wọ́n kọ Letter Before Claim sí (ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé yín lọ sí kọ́ọ̀tù), tó máa fún yín ní ọjọ́ 30, àti ìwé kọ́ọ̀tù láti Northampton. Ti kọ́ọ̀tù, ọjọ́ 14 lẹ ní láti sọ pé ẹ ti rí i gbà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa di 28 fún ìgbèjà yín. Bí ẹ bá pàdánù, tí ẹ sì san án láàárín oṣù kan, wọ́n máa pa á rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún 6 ló máa fi wà lára orúkọ yín. England àti Wales ni mo ń sọ o, ti Scotland yàtọ̀.

Bí ẹ bá sì kó kúrò ní Thamesmead kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà àti DVLA. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí mo ń rí, ilé tí onítọ̀hún ti kó kúrò ni wọ́n fi ìwé kọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́ sí.