Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “custom” àti “tradition”

Ẹ bi mí pé, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà wo ni “custom” yẹ, ìgbà wo sì ni “tradition” tọ́. Ẹ ní olùkọ́ kan sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, kí ẹ máa lo èyí tí ó bá ti wá sí yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, nítorí ẹni tí kò fẹ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ ni í sọ bẹ́ẹ̀.

Ara ni “custom” ń gbé. Ọwọ́ ni “tradition” ti wá. Inú èdè Látìnì ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Èyí tí ó bí “custom” túmọ̀ sí kí nǹkan mọ́ ènìyàn lára, ẹnu àwọn tí ń sọ Faransé ni ó sì gbà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. “Tradere” ni ti “tradition”, èyíinì ni pé kí a fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí gbogbo ará ilé bá ń dìde nígbà tí àlejò bá wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí ẹni tí ó kọ́ wọn, “custom” ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó, tí ó kọ́ ọ ní orin tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, “tradition” nìyẹn, nítorí a rí ọwọ́ tí ó fúnni, a sì rí ọwọ́ tí ó gbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé “hand down a tradition”. Inú “tradere” yìí náà ni “traitor” ti jáde: ọ̀dàlẹ̀ náà ń fi nǹkan léni lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀tá ni ó ń fi ènìyàn rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Nígbà kan tí mo ń máàkì ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ “costume”, èyí tí í ṣe aṣọ ìmúra, sí ibi tí “custom” yẹ kí ó wà. Mo fa ìlà pupa sí i, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì; “costume” kàn gba Ítálì àti Faransé yí ká ni, tí ó fi wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àṣìṣe ṣì ni àṣìṣe ọmọ náà o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò mọ́gbọ́n wá.

“Habit” kò le: ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ní ti “folklore”, William Thoms, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1846, ìtàn àti ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ni ó wà fún.

Ohun tí ó dùn mí ni pé “culture” ti gbé gbogbo wọn mì. Ẹnikẹ́ni kò tún fẹ́ yan ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ní èṣín, tí wọ́n ń pè é ní “our tradition”, ẹ bi wọ́n léèrè pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á.