Ẹ Bi Mí, Kí N Dáhùn: Páálí dé Yábàá, apá máṣíìnì kò bá a dé

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ìsọ̀ mi wà lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé agbádá oníbàárà lọ fún àwọn tó ń fi máṣíìnì ya ọnà sí ọrùn àti àyà aṣọ, tí owó tó yẹ kó kù sí mi lọ́wọ́ sì ń bá tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra máṣíìnì ọnà kan, àlòkù, lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 340 ni wọ́n pè é. Ẹni tó tà á kì í kó ẹrù wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọjà náà ní ètò kan: olùtajà á fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́hùn-ún, àwọn yẹn á sì gbé e dé Èkó. Mo san dọ́là 148 fún ìgbérù, mo tún san 71 tí wọ́n ní owó ibodè ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi retí rẹ̀. Nígbà tó dé, ọmọkùnrin tó gbé e wá ní kí n kọ́kọ́ fi ₦48,000 owó klíárìnsì ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan. Mo san án, torí oníbàárà dúró tì mí. Mo tú páálí: ara máṣíìnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó ń gbé férémù (ohun tó ń di aṣọ mú) rìn kò sí, férémù méjèèjì kò sí. Olùtajà ní gbogbo rẹ̀ pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Àwọn agbérù ní kí n lọ bá olùtajà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ pé Èkó níbí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Ta ni kí n dì mú? Mo fi fọ́tò páálí náà ránṣẹ́ pẹ̀lú.

Aránṣọ, Yábàá

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́, aránṣọ wa. Mo ti pè yín lórí fóònù kí ìwé ìròyìn yìí tó jáde, torí ọjọ́ ń lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì lè dúró de àwọn tó ń tẹ̀wé. Ohun tí mo bá yín sọ ni mo tún ń kọ síbí, nítorí lẹ́tà mẹ́ta mìíràn tó jọ tiyín wà lórí tábìlì mi.

Fọ́tò kẹrin ni kí a kọ́kọ́ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, lábẹ́ tépù, bébà funfun méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ti òkè, tí wọ́n lẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí Amẹ́ríkà, kọ 31 lb, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ti ìsàlẹ̀, ti ọkọ̀ òfuurufú, kọ 14 kg. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù yín: 31 lb yẹn, kìlóò 14 náà ni. Ìyẹn ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ bébà òkè títí wọ́n fi lẹ ti ọkọ̀ òfuurufú, kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan nínú páálí yìí. Ọdún 17 ni mo fi ṣe ájẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, mo sì ti rí páálí tó já lójú mi. Tiyín kò já. Ẹ bá mi sọ fún àwọn aládùúgbò pé kì í ṣe Èkó.

Ibi tó kù ò ju méjì lọ. Bóyá olùtajà kò fi apá yẹn sí i rárá, bóyá wọ́n sì tú ẹrù yín palẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí láti tún un dì, tí wọ́n gbàgbé apá yẹn sílẹ̀. Ẹ wo fọ́tò kejì dáadáa. Páálí tó dé ọ̀dọ̀ yín kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì lára, tépù ilé ìkẹ́rùsí nìkan ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n tún un dì ni. Ẹ béèrè rìsíìtì tí olùtajà gbà nígbà tó fi ẹrù ránṣẹ́; ìwọ̀n máa ń wà lórí rẹ̀. Apá tó ń gbé férémù, pẹ̀lú férémù méjì, tó kìlóò méjì ó kéré tán. Bí rìsíìtì yẹn bá ka nǹkan bíi 36 lb, ilé ìkẹ́rùsí ni nǹkan yín wà. Bó bá ka 31 tàbí kó dín, olùtajà ni kò kó o sí i. Páálí tuntun lè wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ kò lè jẹ́ kìlóò méjì.

Kí ló dé tí kálukú fi ń tì yín sí ẹlòmíì? Bí wọ́n ṣe to ètò náà ni. Ọjà tí ẹ lò kì í ṣe eBay, ṣùgbọ́n eBay ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ ìṣe rẹ̀ jù. Ní 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní Global Shipping Program. Nígbà náà, olùtajà máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Erlanger, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, tí ilé iṣẹ́ Pitney Bowes ń bójú tó, kí eBay tó fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹrù bá ti débẹ̀ ní pípé, ọwọ́ olùtajà ti kúrò níbẹ̀. Ó dára fún olùtajà tó ń bẹ̀rù òkè òkun, mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó rà kò rí ọjọ́ tí wọ́n tú páálí rẹ̀, kò mọ orúkọ ẹni tó tú u, kò sì sí nọ́ńbà tó lè pè.

Nítorí náà, ẹni tó gba owó yín ni kí ẹ dì mú, ìyẹn ọjà náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi olùtajà àti agbérù sílẹ̀. Ẹ ṣí ẹjọ́ lórí ọjà náà, kí ẹ sì ṣọ́ra níbi tí wọ́n ti máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe mú "ẹrù kò dé". Bí ẹ bá mú un, wọ́n á wo ojú òpó tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù, wọ́n á rí i pé ó dé Yábàá, ẹjọ́ parí nìyẹn. Èyí tó ní ohun tó dé kò bá ohun tí wọ́n polówó mu ni kí ẹ mú. Ẹ fi fọ́tò bébà méjèèjì sí i, kí ẹ fi àwòrán ìpolówó tí apá náà hàn nínú rẹ̀ tì í. Lórí eBay, 30 ọjọ́ ni wọ́n fún ẹni tó rà. Ẹ wo iye tí ọjà tiyín fún yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Olùtajà tó ń sọ pé "ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i" ń jẹ ọjọ́ yín ni, bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Ìkánjú tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Mo ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún bàbá mi nípasẹ̀ irú ètò yìí nígbà kan. Ó dé ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n kọ̀wé pé kò lè kúrò níbẹ̀, wọn ò sọ ìdí. Mo fi sùúrù kọ lẹ́tà sí olùtajà títí ọjọ́ fi kọjá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá mi fi jókòó láàárín wa tó ń wo ẹnu wa. Ó ṣì ń dùn mí.

Ti ₦48,000 wá ni mi ò lè gbójú fò. Ẹ ti san dọ́là 71 ṣáájú. Ìdí tí wọ́n fi gbà á ṣáájú ni kí ẹnikẹ́ni má tún béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Owó ibodè tòótọ́, báńkì ni wọ́n ti ń san án fún ìjọba, ó sì ní ìwé ìṣirò tí iye ẹrù, owó ibodè àti VAT 7.5% wà lórí rẹ̀. Kì í wọ àkáǹtì èèyàn kan. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó gbé ẹrù wá, ẹ fi ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé náà tàbí kí wọ́n dá owó yín padà. (Ẹ ti lè gbọ́ pé láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, kọ́sítọ́ọ̀mù ti yọ ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 300 lọ kúrò nínú sísan owó ibodè. Tiyín fi 40 ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ẹ tún bi mí lórí fóònù ìdí tí kìlóò 14 fi jẹ dọ́là 148. Àyè tí páálí gbà nínú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n gba owó rẹ̀. Ẹ ní ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kí ẹ fi 5,000 pín in, bí àwọn agbérù ṣe sábà ń ṣe: kìlóò 27 ló ń jẹ́.

Máṣíìnì tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má tíì kì í bọ iná NEPA. Ti Amẹ́ríkà ni, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wáyà ti ń wọlé: bí wọ́n bá kọ 120V síbẹ̀, iná tiwa máa jó o, ọjà náà á sì ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ sọ pé ọmọ iṣẹ́ yín ti ń kó àjákù áńkárá sínú páálí náà. Ẹ ní kó dà á sínú àpò, kó gbé páálí náà kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú tépù àti bébà méjèèjì lára rẹ̀, kí omi má kàn án.