Ìwé ìbéèrè ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: kí ló dé tí gbogbo àgbà ń dáhùn “rárá”?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. A túmọ̀ PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí aláìsàn fi ń díwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì ara rẹ̀, sí Yorùbá. “Rárá, rárá” làwọn àgbà ń wí títí dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú wọn fi hàn pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Kí ló kù díẹ̀ káàtó? (Nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ìyá àgbà kò ní tú àṣírí ọkàn rẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, inú ìwé lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu aláìsàn ló yẹ kó jẹ́. Orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan ń rìn lára: ẹ kó irú ẹ̀dùn báyìí jọ, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè ní abala ọ̀tọ̀, kó má da àpapọ̀ máàkì PHQ-9, tí kì í ju 27 lọ, rú. Ẹnu aláìsàn náà ni wọ́n ti mú ìwé ìbéèrè 14 lórí ìnira ọkàn ti àwọn Shona ní Zimbabwe, tó jáde ní 1997.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni PHQ-9 ń béèrè nípa rẹ̀, ìdáhùn “ó ju ìdajì ọjọ́ lọ” sì máa ń dààmú ẹni tí kò kàwé. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ 14 síwájú wọn, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, kí wọ́n ṣa iye ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ 0 sí 1, ẹ kọ 0. 2 sí 6, ẹ kọ 1. 7 sí 11, ẹ kọ 2. 12 sí 14, ẹ kọ 3.

Ìbéèrè oúnjẹ jẹ́ méjì nínú ọ̀kan: àìlèjẹun àti àjẹjù. Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kọ èyí tó ga jù. Nígbà ààwẹ̀, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ ń wù wọ́n lásìkò ìṣínu.

Ìbéèrè kẹsàn-án ló gba ìṣọ́ra jù. “Kí Ọlọ́run tètè pè mí” lè jẹ́ àárẹ̀ lásán, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè tààrà bóyá wọ́n ti ń rò ó láti pa ara wọn lára. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà, bí àpapọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 3.

Kí ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì tú ti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Ẹ ní kí àgbà bíi mẹ́wàá fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń yọjú. Kí dókítà ọpọlọ tí kò rí máàkì wọn wá yẹ̀ wọ́n wò, kẹ́ ẹ fi wéra. Ìwádìí 2006 fi hàn pé àpapọ̀ máàkì 10 bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì níhìn-ín mu láti fi dá ìrẹ̀wẹ̀sì tó le mọ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìyá ọlọ́jà. Títí ẹ ó fi ṣe àfiwé yẹn, ẹ máa fi ààlà máàkì 5, 10, 15 àti 20 wo bí ìnira ẹnì kan náà ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ má fi dárúkọ àìsàn fún ẹnikẹ́ni.