Kí ló ba fíìmù Dókítà Moreau ti ọdún 1996 jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka The Island of Doctor Moreau tí H. G. Wells kọ, ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sùn. Mo wá wo fíìmù rẹ̀ tí Marlon Brando àti Val Kilmer ṣe lọ́dún 1996, ó kàn sú mi ni. Àwọn kan ní olùdarí tí wọ́n yọ nípò ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Wọ́n yọ olùdarí lóòótọ́. Richard Stanley ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àmọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún John Frankenheimer. Òṣèré Rob Morrow náà kúrò, David Thewlis sì rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìtàn tí wọ́n gbé ka iwájú wa gan-an ni àlébù wà.

Nínú ìwé Wells, tó jáde lọ́dún 1896, ọ̀bẹ ni Moreau, dókítà tó ń sọ ẹranko di ohun tó jọ ènìyàn ní erékùṣù kan, fi ń ṣiṣẹ́. Ààyè ẹranko ló ń là, tí igbe púmà, ẹranko ńlá tó jọ ológbò, á gba gbogbo ọgbà kan. Ẹranko tó bá ti Ilé Ìrora, ibi tó ti ń gé wọn, jáde kò nílò ẹ̀ṣọ́ mọ́. Ẹ̀rù ọwọ́ tó gé e, tó sì tún un ṣe, ló ń mú un jókòó sínú òkùnkùn ahéré, kó máa mì síwá sẹ́yìn, kó máa ka Òfin: èèwọ̀ ni fífi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn, èèwọ̀ ni fífi ahọ́n lá omi. Ẹ̀sìn ni Òfin yẹn. Nígbà tí Moreau kú, Prendick, ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, sọ fún àwọn ẹranko pé kò kú, pé ó ń wò wọ́n láti òkè.

Fíìmù fi yíyí jíìnì (àbùdá inú ara) ẹranko padà rọ́pò ọ̀bẹ. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tí n kò lè gbà ni ẹ̀rọ kékeré tí Moreau rì sára àwọn ẹranko, tó jẹ́ pé bó bá ti tẹ bọ́tìnì, ìrora á gbé wọn ṣánlẹ̀. Ẹ tún ibi tí wọ́n ti sun òkú Lo-Mai, ọ̀kan lára àwọn ẹranko náà, wò. Ìkookò-Ẹlẹ́dẹ̀, ẹranko mìíràn tí Moreau ṣe, rí ẹ̀rọ náà láàárín eérú àti egungun, ó yé e, ó sì yọ ti ara tirẹ̀. Òfin ti parí nìyẹn! Ìbọn àti iná ló gba ìyókù fíìmù náà.

Kò sí ohun tí ẹranko inú ìwé lè fà yọ lára. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni Prendick fi gbé láàárín wọn, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn, tí aṣọ ń bọ́, tí ẹ̀yìn ń tẹ̀ padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ìwé náà wà, ibẹ̀ náà sì ni fíìmù fò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kì í ṣe rọ́bà àti irun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn òṣèré lójú ló sọ ọ́ di eré ọmọdé?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Stan Winston ló ṣe é, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹ wo ojú Ron Perlman tó ń ké Òfin. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n tètè ń fi àwọn ẹranko náà hàn wá gedegbe. Nínú ìwé, díẹ̀díẹ̀ ni Prendick ń rí ojú tó ń tàn nínú òkùnkùn àti etí tó ṣe ṣóńṣó lára M'ling, ìránṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹranko náà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Èwo wá ni kí n wò?

ÌDÁHÙN: Island of Lost Souls, ti ọdún 1932, tí Charles Laughton ṣe Moreau. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 ni. Wells fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn aṣòfintótó fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè é títí di 1958, àmọ́ ọ̀bẹ àti Ilé Ìrora wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ẹ ka orí 12 àti 14 ìwé náà kí ẹ tó wò ó. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ ka orí 21, nítorí ìpadàsẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ gbogbo àwọn ẹranko lẹ́yìn ikú Moreau kò sí nínú fíìmù yẹn náà. Ti 1977, tí Burt Lancaster ṣe, lè dúró ná.